Fèrè Abógunrìn Tó Wà Lọ́rùn Mi

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn Àjọni. Ẹ má jókòó sẹ́yìn mi o, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà lẹ́yìn mi tí mo bá ń sọ̀rọ̀, inú igbó ni mo ti kọ́ ìyẹn. Ẹ bu ẹmu fún mi kí ẹ tó bu fún ara yín. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí èmi Ọdẹ́rìnlọ, èmi tí mo pa ẹkùn Odò Àṣá tó ń gbé èèyàn lóko, èmi tí mo lé erin kúrò ní abà àwọn ará Ìsàlẹ̀, kí ló dé tí mo ń gbé fèrè sójà kọ́rùn kiri, tí mi ò sì fọn ún rí. Àwọn kan ní ó ti bàjẹ́ ni. Àwọn kan ní mo jí i gbé ni. Ẹnu yín á pa mọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan kí ẹ má baà ṣì mí gbọ́: mò ń ṣe ìlara ọkùnrin tó ni fèrè yìí. Mo ṣe é lánàá, mò ń ṣe é báyìí tí mò ń mu ẹmu yín, bí ẹ bá sì pàdé mi lọ́la, ẹ bi mí, màá ní mo ṣì wà lẹ́nu ẹ̀.

Abógunrìn ló ni ín, Olórí Orílẹ̀ wa, ẹni tí ẹ ń dìde fún tó bá ń kọjá. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa àti àwọn ará Òkè Ìkòrò, òun ni ọ̀gágun wa, fèrè yìí ló sì ń fọn. Bó bá fọn ún, gbogbo sójà á dúró ṣánṣán. Bó bá tún un fọn, wọ́n á kọ lu ọ̀tá. Ẹ̀yin náà ń kọ ọ́ lórin títí di òní pé ó kó ọmọ ogun gba inú Odò Àṣá kọjá níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó ṣeé gbà, ó yọ sí ọ̀tá lẹ́yìn, ogun sì parí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló fi ibẹ̀ hàn án? Ẹ dákẹ́, èmi fúnra mi ni màá dáhùn. Èmi ni! Èmi tí mo ti ń lúgọ de ẹfọ̀n létí odò yẹn nígbà tí Abógunrìn ṣì ń rákòrò, èmi ni mo na ìka yìí sí ọ̀gangan ibi tí omi kò ti ju orúnkún lọ. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n gbé òun lé èjìká, wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ tó ń dán yinrin sí i láyà. Èmi ni wọ́n fún ní itan ẹran kan, ẹran tí mo fọwọ́ ara mi pa.

Ìyàwó mi Àwẹ̀ró, tí mo ń fi ẹran ìgbẹ́ tọ́jú láti ọjọ́ tó ti wọlé mi, òun náà jáde lọ pàdé wọn. Ó jó títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Ó wọlé, ó ní, "Baálé mi, ẹ ò rí bí bàtà ọkùnrin yẹn ṣe ń dán!" Mo wo ẹsẹ̀ mi. Eruku ló wà níbẹ̀ àti ojú ibi tí ẹ̀gún ti gún mi. Mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìyàwó yín yin bàtà ẹlòmíràn lójú yín.

Ẹ rántí pé Tíṣà Láyẹni ló ń ṣe Olórí kí ogun tó dé. Ọmọlúàbí ni, ó kàwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó yá ló yọ pàṣán tó fi ń na ọmọ ilé ìwé jáde. Àgbàlagbà tó bá pẹ́ dé ìpàdé á kúnlẹ̀, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó na baálé ilé kan lójú àwọn àna rẹ̀ nítorí pé ó rẹ́rìn-ín nígbà tí òun ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó kú lẹ́yìn tí ogun parí, gbogbo wa mí kanlẹ̀, àwọn èèyàn ní àwọn ò fẹ́ tíṣà mọ́ láyé, sójà ló kù tí àwọn ń fẹ́. Wọ́n ní sójà kì í ṣọ̀lẹ, ó mọ ètò, kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ẹni tó lè dáàbò bo orílẹ̀ lójú ogun á lè tọ́jú rẹ̀ lákòókò àlàáfíà. Àwọn díẹ̀ ní ogun lọ́tọ̀, ìlú lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ tiwọn nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́? Abógunrìn ni wọ́n yàn. Èmi dá jókòó síbi kan, mò ń bi ara mi pé, bó bá jẹ́ ti ìbọn ni, ta ló ti yin ìbọn pẹ́ tó mi ní gbogbo Àjọni? Kò sí ẹni tó bi mí.

Ẹ mọ òfin wa. Bí Olórí bá kú, fìlà rẹ̀ ń padà sínú Igbó Òjìji, ẹni tí a bá yàn ló gbọ́dọ̀ lọ gbà á wá fúnra rẹ̀. Ọdẹ kan ni yóò sìn ín. Ọdẹ yìí kò gbọdọ̀ bá a dáhùn ìbéèrè, kò sì gbọdọ̀ dé fìlà. Ìyá Ẹfúnyẹlá, àgbà ìgbìmọ̀ wa, ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sílé mi. Ó ní, "Ọdẹ́rìnlọ, ìwọ lo máa mú Abógunrìn lọ." Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹlòmíràn. Mi ò lè purọ́ fún yín, mi ò fẹ́ràn ọkùnrin yẹn rárá." Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "A mọ̀. Ìdí tí a fi wá bá ọ nìyẹn." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Inú bí mi, àmọ́ ta ló lè kọ ọ̀rọ̀ sí Ìyá Ẹfúnyẹlá lẹ́nu?

Mi ò ní í fi oúnjẹ tí a jẹ àti ibi tí a sùn sí yọ yín lẹ́nu. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ọkùnrin yìí wọ bàtà sójà wọ igbó. Gbì, gbì, gbì! Ẹtu sá, ìgalà sá, ìgbín pàápàá wọnú ìkarahun. Bí mo bá yọ́ ẹsẹ̀ rìn lọ́wọ́ iwájú, tí mo wo ẹ̀yìn, màá rí i tó nà gbọn-ọn-ran bí òpó, tó ń wo iwájú bí ẹni pé àwọn igi ló tò fún òun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ọdẹ, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin mà mọ ọ̀nà!" Ohun tó tún wá ń bí mi nínú nìyẹn. Ọkùnrin náà ní ìwà. Bí ó bá jẹ́ agbéraga ni, ìlara mi ìbá rí ibi jókòó sí.

Ẹnu ibodè igbó yẹn ni a ti pàdé Elétíkára. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí nǹkan láyé, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni irun orí mi dìde. Etí ló bo ẹ̀dá náà láti orí dé ẹsẹ̀, etí ńlá, etí kéékèèké, wọ́n ń mì lẹ̀ǹgbẹ̀lẹ̀ǹgbẹ̀. Kò ní ojú. Àtẹ́lẹwọ́ ni ẹnu rẹ̀ wà, bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á na ọwọ́ sí ọ bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Ó na ọwọ́, ó ní, "Ta ní ń bọ̀ tí bàtà rẹ̀ ń pariwo báyìí?" Abógunrìn gbé fèrè sẹ́nu, ó fọn ún. Gbogbo etí yẹn ká jọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀dá náà ké bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára, kí a tó ṣẹ́jú, ó ti dì í lọ́rùn mú.

"Ọ̀rọ̀ ni mò ń jẹ, n kì í jẹ ariwo," ló wí. "Fún mi ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹnì kan sọ sí ọ lójú, tí ó dùn ọ́, tí ó sì jẹ́ òótọ́. Bí mi ò bá rí i jẹ, ìwọ gan-an ni oúnjẹ."

Abógunrìn ronú. Ó ní, "Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ ogun mi ń sọ pé mo le jù."

"Ṣé wọ́n sọ ọ́ sí ọ lójú?"

"Rárá o. Lójú mi, bẹ́ẹ̀ni sà ni wọ́n ń sọ."

"Ó tó ìgbà wo tí ẹnì kan ti sọ fún ọ pé o ṣì í?"

Láti ọjọ́ tó ti di ọ̀gá, kò sí ẹni tó jẹ́ dán an wò. Ọwọ́ ẹ̀dá náà ń le sí i, ojú ọkùnrin náà ń pọ́n. Ó yí ojú sí mi, ó ń fi agbára káká sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ ní ohunkóhun lọ́kàn tí ẹ lè sọ sí mi?"

Há! Àbí ẹ ò gbọ́ ìbéèrè! Ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ látàárọ̀, tí wọ́n ní ṣé á mu omi! Òfin ní mi ò gbọdọ̀ bá a dáhùn ìbéèrè, ṣùgbọ́n kò ní kí n má bá òun fúnra rẹ̀ wí. Mo gbé àpò mi sílẹ̀, mo fẹ̀yìn ti igi, mo sì bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Abógunrìn, ìwọ kọ́ lo rí ọ̀nà Odò Àṣá, èmi ni. Wọ́n ń kọ ọ́ lórin, o gbọ́, o mọ̀ pé irọ́ ni, o pa ẹnu mọ́, o ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀mí àwọn ọmọkùnrin tí o kó lọ jagun ní Ẹsẹ̀ Òkè, tí wọn ò padà wálé, ọrùn rẹ ló wà. Ọ̀kan nínú wọn ti rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀, ẹ̀rù rẹ ni kò jẹ́ kó sọ ọ́. O rò pé nítorí pé wọ́n ń dúró ṣánṣán níwájú rẹ, ohun tó o sọ ló dáa. Bàtà rẹ sì ń lé ẹran mọ́ mi lọ́wọ́!" Mo ń sọ, etí ẹ̀dá náà ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jẹ ọ̀rọ̀ mi, ó ń pọ́n àtẹ́lẹwọ́ lá. Ikùn rẹ̀ ń wú. Nígbà tó yá, ó fi ọ̀gágun sílẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ọdẹ, ó tó gẹ́ẹ́, mo ti yó." Mo ní, "Mi ò tíì dé ìdajì." Ó ní, "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, ẹ máa kọjá."

Báyìí ni ìlara mi ṣe gba ẹ̀mí ọkùnrin náà là. Mo wo ojú rẹ̀, mo rò pé á máa bínú, inú mi ìbá sì dùn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ Ẹsẹ̀ Òkè. Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ẹ̀ pátá." Mo gbé àpò mi, mo ń ráhùn lọ níwájú. Kí lèèyàn fẹ́ fi ẹni tó gbà pé òun jẹ̀bi ṣe?

A rìn títí a fi wọ Ìlú Bẹ́ẹ̀ni. Àwọn ará ibẹ̀ dà bí èèyàn, ṣùgbọ́n ọrùn wọn rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, orí wọn ń mì sókè sódò láìdúró. Wọ́n dí ọ̀nà mọ́ wa, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní, "Ẹ pàṣẹ fún wa, ẹ jọ̀ọ́, ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ àṣẹ! A ò ní í jẹ́ kí ẹ kọjá láìpàṣẹ." Ẹ̀ bá rí ojú Abógunrìn bó ṣe là. Láti ìgbà tí a ti wọ igbó, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ara tù ú. Ó mú àyà jáde, ó ní, "Ẹ dáná, kí a yan iṣu."

Wọ́n dáná. Wọ́n kó igi sí i. Nígbà tí igi tán, wọ́n kó àpótí ìjókòó sí i, wọ́n yọ ilẹ̀kùn sí i, wọ́n fa igi àjà ilé wọn yọ. Iṣu ti jóná di eérú, wọ́n ṣì ń dáná, wọ́n ń mi orí, "Bẹ́ẹ̀ni sà, bẹ́ẹ̀ni sà." Iná ran òrùlé. Ẹ̀yin èèyàn, kò sí ẹni tó mọ iná sá fún bíi tèmi. Kí ewé àkọ́kọ́ tó gbiná ni mo ti wà lórí ìrókò kan, mo ti rí ẹ̀ka tí màá gbà fò sí òdìkejì, mo sì jókòó ń wo ohun tí ọ̀gágun máa fi ọgbọ́n ogun ṣe.

Ó fọn fèrè. Gbogbo wọn dúró ṣánṣán, ibi tí iná ń bọ̀ gan-an ni wọ́n dúró sí. Ó ní, "Ẹ kúrò níbẹ̀!" Wọn ò kúrò, nítorí fèrè ti ní kí wọ́n dúró. Ó tún un fọn, wọ́n tún le sí i. Iná ń bọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo sọ lọ́kàn mi pé, ó tán, á sá báyìí, màá sì padà sílé lọ ròyìn pé ọ̀gágun tí ẹ ń pariwo fi èèyàn sílẹ̀ nínú iná. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí bọ́ ẹ̀wù alámì-ẹ̀yẹ rẹ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọnú iná, ó gbé obìnrin kan pọ̀n jáde. Ó padà wọlé. Ó gbé òmíràn. Irungbọ̀n rẹ̀ ń jó, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́ tí kò lè gbé ẹnikẹ́ni mọ́, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá arúgbó kan, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rò pé ká ṣe?"

Ọrùn bàbá yẹn dún, ká! Ó nà. Orí rẹ̀ dúró. Ó wo Abógunrìn bí ẹni tó jí lójú oorun, ó ní, "Kò sí ẹni tó bi mí léèrè rí. Kànga wà lẹ́yìn ilé mi." Ó yí sí ẹnì kejì, ó bi í pé, "Ìwọ ńkọ́, kí lo rò?" Ọrùn tìyẹn náà nà. Ìbéèrè ń lọ láti ẹnu dé ẹnu, ọrùn ń dún ká-ká-ká káàkiri ìlú, wọ́n sì sáré bu omi, wọ́n pa iná náà.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí igi. Ara mi gbóná ju iná lọ. Nítorí mo mọ̀ dájú pé bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti sá lọ. Ọdẹ ń dá wọ igbó ni, ó ń dá jáde, kò sí ẹni tí ó kọ́ mi láti máa wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ṣẹ́kù. Mo bi í pé, "Ṣé ogun ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?" Mo fẹ́ kó sọ pé ogun ni, kí n lè sọ pé èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ ká ní wọ́n mú mi ṣe sójà. Ó mi orí. Ó ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀pọ̀ tí a jọ jagun ló sá fi wa sílẹ̀, wọ́n sì fún àwọn náà ní àmì ẹ̀yẹ. Ìyá mi ni. A pọ̀ nílé wa, ìyá mi kì í sì í ṣí ìkòkò títí ẹni tó kẹ́yìn á fi dé. Ogun kàn jẹ́ kí n mọ̀ bóyá mo gbọ́ ohun tí ìyá mi sọ ni." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí mo fẹ́ kórìíra!

Àárín gbùngbùn igbó ni Ìyá Olójìji ń gbé. Kò ga ju ọmọdé lọ. Bó bá jókòó, òjìji rẹ̀ á dìde dúró, bó bá dìde, òjìji á jókòó. Fìlà náà wà lórí ẹ̀ka igi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀. Mo ti rí fìlà ọba, mo ti rí fìlà ìjòyè, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ìyẹn, itọ́ gbẹ lẹ́nu mi. Fìlà aṣọ òfì lásán ni o, ó tiẹ̀ ti gbó. Kò sí ohun tó wù mí tó ìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Òjìji ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Abógunrìn, kí lo mú wá tó o fi fẹ́ dé fìlà?"

"Mo jagun, mo ṣẹ́gun."

"Ta lo ṣẹ́gun?"

"Ọ̀tá Àjọni."

"Ó dáa. Bí o bá jókòó sórí àga ní Àjọni, tí gbogbo ẹni tó yí ọ ká jẹ́ ará Àjọni, ta ni ọ̀tá?"

Ọwọ́ Abógunrìn lọ sí ibi fèrè rẹ̀.

"Ohun tí ń bà mí lẹ́rù nìyẹn," ni òjìji wí. "Bí o kò bá rí ọ̀tá, wàá wá ọ̀kan. Lójú ogun, bí o bá ní kí wọ́n máa lọ, tí ẹnì kan ní òun ò lọ, kí lo ń ṣe fún un?"

"Mò ń tì í mọ́lé ni."

"Nílé ńkọ́? Bí àgbẹ̀ kan bá ní òun ò lọ, ṣé wàá lè jókòó títí á fi sọ ìdí rẹ̀ tán, bí ó tilẹ̀ ń bú ọ?"

"Màá gbìyànjú, ìyá."

"Yọ fèrè yẹn lọ́rùn."

Ìyá fúnra rẹ̀ wá là á yé wa. Ó ní gbogbo ẹni tó ti dé fìlà náà ló fi ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń sáré lọ bá sílẹ̀. Àgbẹ̀ fi ọkọ́ sílẹ̀, kó má baà máa ṣán èèyàn bí koríko. Alágbẹ̀dẹ fi òòlù sílẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tí èèyàn ṣe tẹ́lẹ̀ kò sọ ọ́ di ẹni burúkú, kò sì sọ ọ́ di ẹni rere, bó ṣe máa gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀ ni òun ń wò. Abógunrìn di fèrè mú. Ó ní, "Ìyá, ọ̀rẹ́ mi ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ mi ló kú sí. Fèrè yìí ló kó wa jáde láàyè, mi ò lè fi sílẹ̀." Ó sì kọ̀ jálẹ̀.

Ìyá Olójìji wá yí ojú sí mi. Ó ní, "Ọdẹ, mo rí bí o ṣe ń wo fìlà yìí. Bí òun bá kọ̀, mo lè yí òfin padà. Fi ìbọn rẹ sílẹ̀, kí o gbé e dé."

Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo rí gbogbo yín tí ẹ ń dìde fún mi. Mo rí Àwẹ̀ró tó ń jó nítorí tèmi. Mo bọ́ ìbọn léjìká, ìbọn bàbá mi, tí ọwọ́ mi ti jẹ igi rẹ̀ títí ó fi ní ojú ìka mi lára. Mo nà án síwájú. Mo ní kí ọwọ́ mi ṣí. Kò ṣí. Mo tún sọ fún un. Òjìji wá bá mi tú ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bó bá tú ọ̀kan, òmíràn á padà dì mọ́ ọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọwọ́ ara mi lójú ẹni tí mò ń ṣe ìlara rẹ̀. Bí mo ṣe wà níbẹ̀, mo gbọ́ tí Abógunrìn mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bí mo ṣe ń wò yín yìí, ara mi ni mò ń wò." Ó bọ́ fèrè lọ́rùn, ó gbé e sílẹ̀ níwájú ìyá, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Ohun tí mi ò lè ṣe, òun ṣe é. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìlara tí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, eré ni.

Ìyá gbé fìlà dé e lórí. Lẹ́yìn náà, ó mú fèrè, ó sì gbé e kọ́ èmi lọ́rùn. Ó ní, "Ìwọ lo máa tọ́jú rẹ̀. O ò gbọdọ̀ fọn ún, o ò sì gbọdọ̀ dá a padà fún un títí á fi ṣí fìlà." Mo ní, "Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi? Ẹ ò rí i pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀?" Ó ní, "Ọdẹ tó sin Tíṣà Láyẹni wá síbí, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ rẹ̀ ni. Èèyàn dáadáa ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Láyẹni sunkún pé àwọn èèyàn ò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu, àánú ṣe é, ó dá pàṣán padà fún un. Ohun tó ṣẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀yin lẹ fojú rí i. Mo wá ránṣẹ́ sí Ẹfúnyẹlá pé lọ́tẹ̀ yìí, kó mú ẹni tí kò lè ṣàánú wá fún mi. Mo ní kó wá ẹni tí ìlara rẹ̀ kì í sùn."

Inú bí mi, ojú tì mí, ẹ̀rín sì pa mí. Wọ́n ti wo gbogbo Àjọni yíká, wọ́n wá èèyàn burúkú tó ṣeé gbójú lé, èmi ni wọ́n rí.

Ẹ̀yin náà lẹ mọ bó ṣe ń ṣe é. Ọjọ́ tí àwọn ará Ìsàlẹ̀ bú u nítorí ojú ọ̀nà tó fẹ́ là gba oko wọn, ẹ rí i tí ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àyà, tó wá nǹkan kan tì, tó sì jókòó padà. Wọ́n bú u tán, wọ́n sọ ìdí wọn tán, ọ̀nà náà sì yà gba ibòmíràn. Ẹ̀yin ń yìn ín. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò wo ẹ̀yìn èrò, níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú fèrè lábẹ́ ẹ̀wù mi.

Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi pè yín lónìí ni pé ó wá sílé mi. Òun nìkan ló wá, ní ọ̀sán gangan. Àwẹ̀ró tẹ́ ẹní fún un, ó gbé omi fún un, ó sì fi wá sílẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹ mọ̀ pé àwọn kan ti kọ̀ pé àwọn ò ní í gba àwọn ará Òkè Ìkòrò láyè láti wá ná ọjà wa, ìjà ti fẹ́ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti bẹ̀ wọ́n títí. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ títí. Ẹ yá mi ní fèrè yẹn, mo fẹ́ fọn ún lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n dúró, màá dá a padà fún yín kí oòrùn tó wọ̀."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìlara ń sọ fún mi pé, fún un! Á fọn ún lónìí, á tún un fọn lọ́la, á di Tíṣà Láyẹni kejì, gbogbo Àjọni á wá mọ̀ pé sójà tí wọ́n ń yìn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ní Ọdẹ́rìnlọ ti rí i tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ mi ti kan okùn rẹ̀ lọ́rùn. Mo wo ọrùn tirẹ̀, ojú ibi tí okùn náà wà tẹ́lẹ̀ ṣì ń hàn níbẹ̀. Mo gbé ojú sókè, mo rí fìlà. Ara mi tún gbóná. Ẹnu tó ń pè é ní ìwọ láti kékeré, tó ti wá di dandan fún un láti máa pè é ní ẹ̀yin, ni mo fi sọ ọ́. Mo ní, "Olórí, fìlà orí yín wù mí, ẹ ò fún mi. Fèrè ọrùn mi wù yín, mi ò ní í fún yín."

Ó wò mí, ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú. Ó fi omi bọ́jú, ó dìde pé òun ń padà lọ bá àwọn alágídí yẹn jókòó. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí ìbọn mi lára ògiri. Ó dúró, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ṣì ní tiyín." Mo mọ ojú tó fi wò ó. Èmi ni mo ni irú ojú bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Àjọni. Mo sun oorun àsùnwọra lọ́jọ́ yẹn.

Ẹmu ti tán, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo ti ń dàgbà, ikọ́ tó ń ṣe mí yìí kò sì fẹ́ lọ. Bí mo bá kú kí ó tó ṣí fìlà, ẹ má gbé fèrè yìí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ má gbé e fún ìyàwó mi, ẹ má sì gbé e fún ẹni tó ní àánú lójú. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀, mo ti ń wo ojú yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo yín lẹ rẹ́rìn-ín níbi tó ti gbé èèyàn jáde nínú iná, gbogbo yín lẹ pàtẹ́wọ́. Àfi ìwọ tó o jókòó lẹ́bàá ògiri yẹn, tó o di apá, tó o ń yínmú ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti dárúkọ Abógunrìn. Bẹ́ẹ̀ni, ìwọ. Dìde, kí o wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí.